Yànmọ̀tí Lílọ̀: Ìtàn Rẹ̀ àti Oore Tí Ó Ń Ṣe fún Ara

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a sì ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Òwe yìí kọ́ wa pé ní ọ̀ràn oúnjẹ, a kò gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun kékeré. Ohun kékeré tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ nínú ìwé wa ti ọdún yìí ni yànmọ̀tí, èso wẹ́wẹ́ tí àwọn Haúsá ń pè ní ridi, tí àwọn oníṣòwò sì mọ̀ sí bẹ́níìsíìdì. Ohun tí ó jẹ mí lógún jù ni ohun tí èso náà ń dà bí a bá yan án, tí a sì lọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná. Òróró inú rẹ̀ a tú jáde, gbogbo rẹ̀ a sì di ọ̀kan, yóò máa ṣàn bí oyin. Àwọn Lárúbáwá ń pe yànmọ̀tí lílọ̀ yìí ní ṭaḥīna, èyí tí àwọn Òyìnbó yí díẹ̀ tí wọ́n ń kọ sára ìgò pé tahini.

Ẹni tí ó bá wọ ilé ìtajà ńlá ní Èkó lè bá ìgò tahini pàdé lórí àtẹ, èyí tí wọ́n ti òkèèrè kó wá, tí owó rẹ̀ kò sì kéré. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ẹrù ń kó àpò yànmọ̀tí láti òkè ọya wá sí èbúté, kí ọkọ̀ ojú omi lè gbé e lọ sí òkè òkun. Báwo ni ẹni tí ó ni èso ṣe wá di ẹni tí ń ra èso náà padà ní lílọ̀? Bí a bá tọ ipasẹ̀ yànmọ̀tí láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́, ẹni tí ó gbé ọlọ kalẹ̀ fún yànmọ̀tí ni ó ń jẹ oore rẹ̀ jù.

Ilẹ̀ Íńdíà àti àgbègbè rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ewéko gbà pé wọ́n ti kọ́kọ́ sọ yànmọ̀tí ìgbẹ́ di ohun ọ̀gbìn. Ibẹ̀ ni èyí tí ó jọ ọ́ jù nínú àwọn ẹbí rẹ̀ ti ń hù fúnra rẹ̀ títí di òní. Ní Harappa, ìlú àtijọ́ kan tí ahoro rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Pakísítáànì, àwọn awalẹ̀pìtàn rí èso yànmọ̀tí tí iná ti jó dúdú, tí ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 2500 sí 2000 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Láti apá ibẹ̀ ni ó ti bá àwọn oníṣòwò lọ sí ìwọ̀ oòrùn, títí ó fi dé ilẹ̀ tí ó wà láàárín odò Tígírísì àti odò Yúfúrétì, èyí tí a mọ̀ sí Ìráàkì lónìí.

Ní ilẹ̀ odò méjì yìí ni àríyànjiyàn ńlá ti ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Nínú wàláà amọ̀ tí àwọn ará Bábílónì fi ń kọ̀wé, orúkọ ewéko kan ń fara hàn léraléra, èyíinì ni šamaššammū, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ewéko olóròóró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé yànmọ̀tí ni. Ṣùgbọ́n ní 1966, Hans Helbaek, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nímáàkì kan tí ó mọ̀ nípa èso inú ahoro, sọ pé òun kò gbà. Àwọn tí ń walẹ̀ kò rí èso yànmọ̀tí kan ṣoṣo níbẹ̀, èso ọ̀gbọ̀ ni wọ́n ń rí. Ní 1968, F. R. Kraus gbé ìdáhùn jáde láti inú àwọn wàláà náà. Ó fi hàn pé ìgbà ooru ni àwọn àgbẹ̀ Bábílónì ń gbin šamaššammū, bẹ́ẹ̀ ìgbà òtútù ni wọ́n ń gbin ọ̀gbọ̀ ní ilẹ̀ náà. Yànmọ̀tí ni ó fẹ́ràn ooru. Láti ìgbà náà wá ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti gbà pé yànmọ̀tí ni àwọn wàláà ń sọ. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwa tí a ń kọ́ ìtàn: bí ilẹ̀ bá dákẹ́, àsìkò àti iṣẹ́ oko lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rí mìíràn kò sì ṣọ̀wọ́n. Herodotus ará Gíríìkì, tí ó kọ̀wé ní ọ̀rúndún 5 ṣáájú ìbí Jésù, sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé òróró yànmọ̀tí nìkan ni àwọn ará Bábílónì ń lò. Ní Íjíbítì, àwọn onímọ̀ rí èso yànmọ̀tí láàárín àwọn ẹrù inú ibojì ọba Tutankhamun, èyí tí Howard Carter ṣàwárí ní 1922. Ní Karmir Blur ní ilẹ̀ Àméníà, nínú ahoro ìjọba Urartu, wọ́n hú ibi iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ti ń fún òróró yànmọ̀tí ní nǹkan bí 2600 ọdún sẹ́yìn, pẹ̀lú odó àti òkúta tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà.

Kí òǹkàwé kíyè sí i pé òróró ni gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tọ́ka sí. Òróró ni wọ́n fi ń tan fìtílà, òun ni wọ́n fi ń para, òun ni wọ́n sì fi ń dáná. Nínú ìwé àwọn Lárúbáwá ni yànmọ̀tí lílọ̀ ti wá hàn gbangba bí oúnjẹ. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i, nítorí inú ọ̀rọ̀ ìṣe ṭaḥana, tí ó túmọ̀ sí pé ó lọ nǹkan, ni ṭaḥīna ti jáde. Bí ìgbà tí àwa náà ń wí pé ‘ata lílọ̀’ ni, iṣẹ́ tí a ṣe sí i ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Nínú àwọn ìwé ìdáná tí wọ́n kọ ní èdè Lárúbáwá ní Íjíbítì àti Síríà ní ọ̀rúndún 13 àti 14, a rí bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní hummus, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ fọ́, tí wọ́n sì ń fi ṭaḥīna pò ó pẹ̀lú ohun kíkan àti èròjà olóòórùn dídùn. Oúnjẹ yìí kan náà ni gbogbo ayé ń jẹ lónìí. Láti ara ṭaḥīna ni wọ́n sì ti ń ṣe halva, nípa pípò ó mọ́ ṣúgà tàbí oyin gbígbóná.

Òkìkí èso yìí láàárín wọn pọ̀ dé inú àlọ́. Ẹ ó rántí ìtàn Ali Baba, ẹni tí ó fi orúkọ yànmọ̀tí ṣí àpáta tí àwọn olè kó ìṣúra sí. Antoine Galland, ará Faransé, ni ó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu Hanna Diyab, ọmọ ìlú Aleppo, ní 1709, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn kan rò pé bí igbá èso yànmọ̀tí ṣe ń là fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá gbó, tí ohun inú rẹ̀ sì ń dà sílẹ̀, ni ó mú kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣe ọfọ̀ ìlẹ̀kùn. Bí ó ti wù kí ó rí, àgbẹ̀ tí kò bá tètè gé yànmọ̀tí rẹ̀ kí igbá rẹ̀ tó là mọ̀ pé òótọ́ wà nínú rẹ̀: ilẹ̀ ni yóò jẹ ìṣúra náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Nablus, ìlú kan ní ilẹ̀ Palẹ́sítínì, gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ a kọ́kọ́ rẹ èso sínú omi kí èèpo rẹ̀ lè rọ̀, wọn a sì bó o. Lẹ́yìn náà ni wọn a dà á sínú omi iyọ̀. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé èèpo a rì sísàlẹ̀, èso bíbó a sì léfòó, nítorí òróró inú rẹ̀. Wọn a kó èyí tí ó léfòó, wọn a fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣàn án dáadáa, wọn a yan án lórí iná jẹ́jẹ́, wọn a sì lọ̀ ọ́ láàárín òkúta méjì. Bí iná bá pọ̀ jù, yóò korò. Ní Gásà, wọ́n máa ń jẹ́ kí èso pẹ́ lórí iná, nítorí náà ni ṭaḥīna tiwọn fi pupa, tí adùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn: ọ̀pọ̀ èso tí àwọn oníṣẹ́ Nablus ń lọ̀ ní àkókò tiwa kì í ṣe ti oko wọn. Láti Humera ní ilẹ̀ Etiópíà ni èyí tí wọ́n kà sí ààyò jù ti ń wá. Àgbẹ̀ Etiópíà ni ó gbìn ín, ṣùgbọ́n orúkọ Nablus ni ó wà lára ìgò.

Àwọn Lárúbáwá nìkan kọ́ ni ó mọ ọlọ. Ní Ṣáínà, ìlú Wuhan lókìkí fún oúnjẹ àárọ̀ kan, núdù gbígbóná tí wọ́n fi yànmọ̀tí lílọ̀ pò. Ní Jàpáànì, àwọn àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà, tí wọn kì í jẹ ẹran, ń fi yànmọ̀tí lílọ̀ àti ìyẹ̀fun gbòǹgbò kan se oúnjẹ dídì kan tí wọ́n ń pè ní gomadofu. Ní Gíríìkì, ọbẹ̀ tahini ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ń jẹ ní Ọjọ́ Jímọ̀ Rere, nígbà tí ẹran, wàrà, ẹyin àti ẹja jẹ́ èèwọ̀ fún wọn, tí wọ́n sì tún ń yẹra fún òróró ólífì. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Oníbúdà ní ìlà oòrùn àti onígbàgbọ́ ní Gíríìkì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀, síbẹ̀ nígbà tí olúkúlùkù wọn fi ẹran sílẹ̀, ara yànmọ̀tí lílọ̀ ni wọ́n sá dì. Ara àwọn aláwẹ̀ ti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n.

Kí wá ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀? Òróró tó bí ìdajì ìwúwo èso náà. Nínú 100 gíráàmù tahini tí wọ́n fi yànmọ̀tí bíbó yíyan ṣe, nǹkan bí gíráàmù 17 ni purotéènì tí ń mọ ẹran ara, nǹkan bí gíráàmù 54 ni ọ̀rá, nǹkan bí gíráàmù 9 sì ni ìṣáká tí ń mú kí inú ṣiṣẹ́ geere. Agbára tí ó ń fún ara sún mọ́ kálórì 595. Ọ̀pọ̀ jù nínú ọ̀rá náà jẹ́ irú èyí tí kì í dì, tí kò sì léwu fún ọkàn bí ọ̀rá ẹran. Ó ní èròjà irin tí ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára, ó sì ní fítámì B1. Àwọn èròjà kan tún wà nínú òróró rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ó tètè bàjẹ́, èyí tí ó fi yẹ fún ìtọ́jú ní ilẹ̀ olóoru.

Ní ti kálísíọ́ọ̀mù tí ń gbé egungun ró, ọ̀rọ̀ náà gba sùúrù. Nínú 100 gíráàmù èso tí a kò bó, ó tó mílígíráàmù 975. Ṣùgbọ́n inú èèpo ni ó pọ̀ sí jù, ohun mìíràn tí ó wà nínú èèpo náà sì dì í mú, kò jẹ́ kí ara lè gba gbogbo rẹ̀. Nínú tahini tí ó wọ́pọ̀, nǹkan bí mílígíráàmù 426 ni ìwé òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà kọ. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe sọ fún ọmọ pé yànmọ̀tí lè gba ipò wàrà pátápátá. Kí ó sọ pé ó ń ràn án lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ọlọ tún fara hàn níhìn-ín. Èso yànmọ̀tí kéré, ó sì ń yọ̀. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ láìlọ̀ yóò gbé púpọ̀ mì láìrún, odidi ni yóò sì bá ìgbẹ́ jáde. Ọlọ ni ó ń fọ́ èso náà tí ikùn fi lè rí ohun inú rẹ̀ lò.

Èyí tí ó wú mi lórí jù ni àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà. Inú àwọn èròjà kéékèèké ni ara ti ń kọ́ purotéènì tirẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì wà tí ara kò lè dá ṣe, inú oúnjẹ ni ó gbọ́dọ̀ ti rí wọn. Méjì nínú wọn ni lysine àti methionine. Ẹ̀wà ní lysine púpọ̀, ṣùgbọ́n methionine rẹ̀ kò tó. Yànmọ̀tí ní methionine púpọ̀, ṣùgbọ́n lysine rẹ̀ kò tó. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, ohun tí ọ̀kan kò ní ni èkejì ń fún un. Àwọn tí ó kọ́kọ́ po ṭaḥīna mọ́ ẹ̀wà ní ìgbà láéláé kò mọ orúkọ èròjà kankan, síbẹ̀ wọ́n ṣe ohun tí olùkọ́ nípa oúnjẹ yóò yìn lónìí.

Kí n má ṣe yin ín tán kí n gbàgbé ewu rẹ̀. Ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, ṣíbí méjì tó fún ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Àwọn ènìyàn kan sì wà tí ara wọn kò gba yànmọ̀tí rárá, tí ó lè dá ẹ̀mí wọn légbodò. Nítorí irú wọn ni òfin Amẹ́ríkà kan ti 2021 fi pàṣẹ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, kí wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ gbangba sára gbogbo oúnjẹ tí ó bá wà nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ Áfíríkà. Yànmọ̀tí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bá àwọn ẹrú kọjá òkun. Ní 1808, Thomas Jefferson, tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan pé àwọn ará Áfíríkà ni ó mú èso kan tí wọ́n ń pè ní beni wá sí Georgia, àti pé ẹnì kan ti fi ìgò òróró rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun. Òun náà gbìn ín sí oko rẹ̀ ní Monticello. Ní South Carolina, benne ni wọ́n ṣì ń pè é di òní, orúkọ tí ó ti inú èdè àwọn ará ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà jáde, wọ́n sì ń fi ṣe bisikíìtì. Ní Brasil àti Kúbà, orúkọ tí àwọn Potogí àti Sípéènì kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni ó borí, èyíinì ni gergelim àti ajonjolí. Síbẹ̀ àwọn ọmọ Lùkùmí ní Kúbà kò gbàgbé ẹni tí ó ni ín. Babalú Ayé, tí àwa ń pè ní Ọbalúayé, ni wọ́n so ó mọ́, wọn kì í sì í fi ṣeré.

Ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, àwọn Tifi àti àwọn Ìgbìrà kò fi ìgbà kan dẹ́kun láti máa lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀. Èyí tó láti fi hàn pé yànmọ̀tí lílọ̀ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ yìí, ìgò tí wọ́n rọ ọ́ sí nìkan ni ó jẹ́ àjèjì. Láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń kó èso rẹ̀ láti agbègbè odò Bẹ́núé lọ sí òkè òkun. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sábẹ́ àwọn Bọ́ọ̀dù ọjà tí ń ra irè oko lọ́wọ́ àgbẹ̀, títí ìjọba fi fòpin sí wọn ní 1986. Lónìí, ó wà lára àwọn irè oko tí Nàìjíríà ń tà jù sí òkè òkun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó, àwọn ará Jàpáànì, Ṣáínà àti Tọ́kì sì wà lára àwọn tí ń rà á jù. Odidi ni a ń tà á. Àwọn ni wọ́n ń yan án, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí èrè iṣẹ́ ọwọ́ sì ń jẹ́ tiwọn.

Mi ò sọ pé kí a má tà mọ́. Owó tí àgbẹ̀ ń rí níbẹ̀ ń rán ọmọ rẹ̀ nílé ìwé. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò yẹ kí ọmọ àgbẹ̀ náà máa jẹ ẹ̀kọ lásán nígbà tí àpò yànmọ̀tí wà nínú àká bàbá rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹni tí ó bá lè yan ẹ̀pà, tí ó sì lè lọ̀ ọ́, lè yan yànmọ̀tí kí ó sì lọ̀ ọ́. Ṣíbí kan rẹ̀ nínú ẹ̀wà sísè, tàbí nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ní ọjọ́ tí kò sí ẹran, kò ní kí a kọ́ èdè Lárúbáwá.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìdáná àti iṣẹ́ oko, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí kù sí. Ebè mẹ́ta yànmọ̀tí lẹ́yìn ilé ìwé, ìkòkò kan tí a fi ń yan án, àti ọlọ kan, tó láti kọ́ ọmọ ní ìtàn Bábílónì, ti Nablus, ti Carolina àti ti ilẹ̀ wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọmọ náà bá sì tọ́ ọ wò ní ọjọ́ náà, yóò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń tà nínú ìgò kò tó ohun tí òun fi ọwọ́ ara òun lọ̀.